Ẹran Tí Ẹ Fún Ọmọ Mi Jẹ

Edmonton, Kánádà
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Mo kí yín torí pé ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, kì í ṣe torí pé inú mi dùn sí yín. Nao wà dáadáa, bàbá rẹ̀ náà wà dáadáa. Èmi ni ara mi ò balẹ̀. Mo pè yín lórí fóònù títí ó fi sú mi, ẹ ò gbé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé, torí ìwé kì í dún kí ẹ máa wò ó níran.

Chieko ìyàwó Kohei pè mí lọ́jọ́ Àìkú. Ó kí mi, ó béèrè ọmọ, ó tún béèrè ọmọ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní kí ló dé. Ó ní ọkọ òun ló ní kí òun bi mí ní ọ̀rọ̀ kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹran tí Bàbá sè fún yín nígbà tí ẹ wá ṣe ọdún Bon, ṣé ẹ mọ ohun tó jẹ́ kí ẹ tó jẹ ẹ́?"

Mo ní béárì ni. Bàbá mi ọdẹ ni, kí ni kó tún sè fún àlejò? Ó wá sọ béárì tó jẹ́ fún mi.

Bàbá, ṣé òótọ́ ni? Béárì tó pa Àǹtí Toyo lóṣù Kẹfà, ṣé òun lẹ gé sínú fírísà, tí ẹ tọ́jú rẹ̀ dè wá, tí ẹ wá fi ọbẹ̀ míso àti ewébẹ̀ dáíkọ́n sè, tí ẹ bù fún ọmọ mi? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Nao. Ó ní kí ẹ fi kún un, ẹ sì fi kún un.

Ẹ mọ ẹni tí Àǹtí Toyo jẹ́ sí mi. Àbúrò yín ló jẹ́ fún yín, ṣùgbọ́n ìyá ló jẹ́ fún èmi. Nígbà tí Màámi kú, orí òkè lẹ̀yin wà pẹ̀lú ìbọn yín. Òun ló ń di irun mi, òun ló ń di oúnjẹ tí mò ń gbé lọ sílé ìwé, èmi àti Kohei ọmọ rẹ̀ la jọ ń sùn lórí ẹní kan. Ó lọ wá èhù ọparun, béárì pa á síbẹ̀, ẹ ò pè mí. Ìgbà tí wọ́n sun òkú rẹ̀ tán lẹ tó fi ìwé ránṣẹ́, ìlà mélòó kan péré. Mo gbé ìyẹn mì. Mo wá sílé ní Bon, ọdún tí a fi ń rántí àwọn òkú, láti wá sunkún rẹ̀ níwájú fọ́tò rẹ̀, ẹ sì fi ẹran tó jẹ ẹ́ bọ́ mi.

Chieko ní gbogbo ẹgbẹ́ ọdẹ ló kọ̀ pé àwọn ò fọwọ́ kàn án, títí kan Bàbá Genzo tí ẹ jọ dàgbà. Ó ní ọ́fíìsì ìlú rán mọ́tò wá pé kí wọ́n gbé òkú ẹran náà lọ sun, ẹ̀yin lẹ dúró dí ọ̀nà, tí ẹ ní ẹni tó bá fẹ́ gbé e, kó gba orí yín kọjá. Kohei dúró níbẹ̀, ọmọ olóògbé, ó ń wò yín bí ẹ ṣe ń kun ún.

Mo fẹ́ èsì. Kí ló dé tí ẹ jẹ ẹ́? Kí ló dé tí ẹ fún ọmọ mi jẹ?

Ọmọ yín,
Fumie


Sugizawa, Akita
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹwàá

Fumie,

Ìwé rẹ dé. Mo wà láàyè. Orúnkún ń yọ mí lẹ́nu, olú ti ń hù, òtútù ò tíì mú.

Ọdẹ ni mí. Ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ ni bàbá tó bí i. Ohun tí wọ́n kọ́ mi kò ju ọ̀kan lọ: ohun tí o bá pa, jẹ ẹ́. Ìyá Olókè, òrìṣà òkè wa, ló ni gbogbo ẹran orí òkè, òun ló ń fi ta wá lọ́rẹ. Ẹni tó bá pa ẹran tó sì jù ú nù kì í ṣe ọdẹ, apani lásán ni. Wọ́n fẹ́ gbé béárì tí ìbọn wa pa lọ síbi tí wọ́n ti ń sun ìlédìí ọmọ àti ike omi. Mi ò gbà. Bí wọ́n bá tún gbé mọ́tò wọn wá lọ́la, mi ò ní gbà.

Ìwọ fúnra rẹ lo jókòó sílé mi níbí tí ò ń sọ̀rọ̀ aládùúgbò rẹ ní Kánádà, ẹni tó pa béárì, tó bó awọ rẹ̀ kọ́ sára ògiri, tó sì fi ẹran rẹ̀ sílẹ̀ fún eṣinṣin, tó ní kì í ṣe oúnjẹ èèyàn. O ní ó rí ọ lára. Ó rí èmi náà lára. Ṣé bíi tirẹ̀ lo wá fẹ́ kí n ṣe?

Ní ti pé mi ò pè ọ́ nígbà tí Toyo kú, èmi ni mo rí i nílẹ̀ níbi tó wà. Kò sí ohun tí ìwọ ì bá wá wò níbẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ máa bá wọn sin òkú ilé, kó máa gbé ilé.

Ẹran náà dára. Ìwọ náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ò ń jẹ ẹ́.

Bàbá rẹ


Edmonton
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹwàá

Bàbá,

Ẹ kú òtútù. Ìwé yín ni mo kà nínú bọ́ọ̀sì bí mo ṣe ń lọ síbi iṣẹ́, mo sì kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀. Inú ló ń bí mi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má fi aládùúgbò mi bojú. Òmùgọ̀ ni, mo ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mi ò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ṣùgbọ́n béárì tó pa kò fọwọ́ kan àbúrò rẹ̀ rí.

Ẹ ní ohun kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ yín. Irọ́ ni, Bàbá, ẹ dárí jì mí. Méjì ni wọ́n kọ́ yín, ẹ̀yin náà lẹ sì fi ẹnu ara yín kọ́ mi ní ìkejì. Mo jókòó ti iná, ẹ ń fi epo nu ìbọn, mo bi yín bóyá gbogbo béárì ni wọ́n ń jẹ. Ẹ ní rárá. Ẹ ní béárì tó bá ti tọ́ èèyàn wò ti kúrò lẹ́ran. Bí wọ́n bá pa á, wọ́n á dojú rẹ̀ bolẹ̀, wọ́n á sin ín síbi tó kú sí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, torí pé ẹni tó bá jẹ ẹ́ ti jẹ èèyàn. N kò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Èwo wá ni kí n gbà báyìí? Àbí òfin náà wà fún àbúrò àwọn ẹlòmíràn ni?

Chieko ní Kohei kì í kí yín mọ́. Ó ní bó bá rí èéfín tó ń jáde láti ilé ìdáná yín, ńṣe ló máa ń ti fèrèsé. Ẹ ò sì bìkítà. Ẹ ní ẹran dára.

Mi ò tíì sọ fún Nao. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Àmọ́ kí ẹ mọ̀ pé bí mi ò bá rí èsì tó mọ́gbọ́n dání, ọmọ yìí ò ní tẹ ilé yín mọ́ láyé yìí, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín lé e.

Fumie


Edmonton
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kọkànlá

Bàbá,

Ẹ ò fèsì ìwé mi. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Chieko tún pè. Ó ní ẹ kì í sí nílé mọ́, pé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ẹ ti gbé ìbọn gba ọ̀nà òkè lọ, ó sì dìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀ kí ẹ tó padà. Àgbàlagbà tó ń kùn pé orúnkún ń dun òun. Kí lẹ ń wá lókè? Ṣé òmíràn lẹ tún fẹ́ sè ni?

Bí ẹ bá ṣubú sókè yẹn, èmi kọ́ ni wọ́n máa pè. Kohei ni. Kohei tí ẹ ṣẹ̀ náà ló máa gbé yín sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ro ìyẹn wò.

Fumie


Sugizawa
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejìlá

Fumie,

Yìnyín ti bo ọ̀nà òkè, mo ti ráyè jókòó.

O béèrè èwo ni kí o gbà. Méjèèjì ni. Òótọ́ ni mo sọ fún ọ nígbà tí o wà ní kékeré. Béárì tó bá tọ́ èèyàn wò, a kì í jẹ ẹ́. Mi ò jẹ irú rẹ̀ rí, mi ò sì ní jẹ ẹ́ dọjọ́ ikú mi. Mo rò pé ọmọ tí mo bí á lè fi ọpọlọ ara rẹ̀ ro ìyókù. Àṣé Kánádà ti gba ìyẹn náà lọ́wọ́ rẹ.

Béárì tí a pa yẹn kọ́ ló pa Toyo.

Ojú ẹsẹ̀ èyí tó pa á wà nínú ẹrẹ̀ lẹ́bàá odò, nítòsí ibi tí mo ti rí i. Ó fẹ̀ bí ìgbà tí mo bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì sílẹ̀, ìka kan sì dín lẹ́sẹ̀ iwájú lọ́wọ́ òsì. Arúgbó akọ ni. Èmi nìkan ni mo rí ẹsẹ̀ yẹn, òjò ńlá rọ̀ kí àwọn yòókù tó débẹ̀, ó sì fọ gbogbo rẹ̀ lọ.

Nígbà tí a jáde lọ wá a, Kohei ló wà níwájú. Mo ní kó padà sẹ́yìn, kò gbọ́. Béárì kan dìde nínú ọparun, ó yìnbọn. Kí n tó débẹ̀ ó ti kúnlẹ̀ tì í, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ń sọ pé, "Ìyá mi, mo ti mú un fún yín." Mo wo ilẹ̀. Abo ni béárì náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré, ìka rẹ̀ pé. Wàrà wà lọ́mú rẹ̀.

Kí lo fẹ́ kí n sọ fún un, Fumie, ìwọ tí o gbọ́n? Ṣé kí n fọwọ́ kàn án lẹ́yìn kí n ní, "Dìde, Kohei, ìyá ọlọ́mọ lo pa"?

Èmi ni mo la ikùn rẹ̀. Èhù ọparun àti èèrà ló wà níbẹ̀. Genzo dúró tì mí, ó rí ohun tí mo rí, ó wò mí, ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òun ló ní kí a jẹ́ kí mọ́tò gbé e lọ kíá, kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ rò pé apànìyàn ni, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi fọwọ́ kàn án, mi ò dá wọn lẹ́bi. Genzo ni mo bá jà. Mo ní a ti gba ẹ̀mí ẹran tí kò ṣẹ̀ wá, ṣé a tún máa sun ún pọ̀ mọ́ pàǹtí? Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí ọdẹ fi ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹran. Mo jẹ ẹ́. Mo fún ẹ̀yin náà torí ẹbí mi ni yín, ó yẹ kí ẹbí mi bá mi gbé e.

Ohun tí mò ń wá lókè, òun ni. Gbogbo àsìkò tí àwọn obìnrin fi ń wá olú, òkè wọn ni mo wà pẹ̀lú ìbọn. Kò yọjú. Ó ti wọ ihò báyìí, ó ń sùn bí béárì ṣe ń sùn títí òtútù á fi lọ.

Má sọ fún Kohei. Ó kórìíra mi, ṣùgbọ́n ó ń rí oorun sùn.

Bàbá rẹ


Edmonton
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kìíní

Bàbá,

Ẹ kú ọdún tuntun. Mo ti sọ fún Kohei.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Nígbà tí mo ka ìwé yín, mo kọ́kọ́ sunkún nítorí yín, mo ní àṣé bàbá mi kò yí padà. Mo fẹ́ gbé fóònù láti bẹ̀ yín. Lẹ́yìn náà mo tún un kà, inú sì bí mi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ẹ̀yin àti Bàbá Genzo, àgbà méjì, ẹ mọ̀ pé béárì tó ti pa èèyàn ṣì ń rìn lókè. Ẹ jókòó nígbà tí ọ́fíìsì ìlú kéde pé ewu ti kọjá. Ẹ wò wọ́n níran bí wọ́n ṣe ń yọ pátákó ìkìlọ̀ lẹ́nu ọ̀nà igbó. Chieko lọ wá olú. Ó sọ fún mi pé òun gbọ́ igi tó ń ṣẹ́ lẹ́yìn òun, òun rò pé ẹtu ni, ó sì rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Òkè yẹn gùn láti ìlú dé ìlú, ẹ wá ní arúgbó kan tó ń tiro ló ń ṣọ́ ọ. Bó bá mú Chieko ńkọ́? Ṣé ẹ tún máa lọ pa òmíràn tí kò ṣẹ̀ ni?

Ẹ ní nítorí oorun Kohei ni. Mo gbà pé ó wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin náà ò fẹ́ dúró níwájú ẹgbẹ́ kí ẹ sọ pé ẹ̀yin olórí ọdẹ lẹ kó wọn lọ pa ohun tí kò yẹ.

Ẹ tún ní ó yẹ kí ẹbí bá yín gbé e. Bàbá, ẹni tí wọn ò sọ fún kò lè báni gbé nǹkan kan. Ẹ kàn gbé e lé ọmọ mi lórí láì jẹ́ kó mọ̀ ni.

Mo pe Kohei, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun," ó sì pa fóònù.

Fumie


Sugizawa
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin

Fumie,

Mi ò fèsì torí pé mi ò ní ọ̀rọ̀ rere kan tí mo lè kọ sí ọ. Mo ṣì ń bínú sí ọ. Mo sọ fún ọ pé má sọ, o sọ ọ́. Mò ń kọ èyí kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu Chieko nìkan.

Kohei wá bá mi lọ́jọ́ kejì tí o pè é. Kò wọlé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí nínú yìnyín. Ó ní èmi ni mo jẹ́ kí òun máa jókòó síwájú fọ́tò ìyá òun lójoojúmọ́, kí òun máa pa irọ́ fún òkú pé òun ti gbẹ̀san. Ó bú mi. Ó kúrò níbẹ̀, ó gba ọ́fíìsì ìlú lọ, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n dá pátákó padà. Ilé tí wọ́n ti ń fún mi ní tíì tẹ́lẹ̀, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò rí mi. Genzo dá ìbọn rẹ̀ padà fún ìjọba, ó ní òun ò ṣe ọdẹ mọ́.

Nígbà tí òtútù ń lọ sópin, tí yìnyín le débi tí a lè rìn lórí rẹ̀, tí béárì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ihò, Kohei tún wá. Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ jáde ká lọ." Bí ẹni ń pàṣẹ fún ajá ni. Mo gbé ìbọn, mo tẹ̀ lé e.

A rí ẹsẹ̀ náà lórí yìnyín nísàlẹ̀ igbó ńlá, ìka kan dín. A tẹ̀ lé e títí a fi rí òun fúnra rẹ̀ nídìí igi kan, ó ń họ èèpo. Ebi ìgbà òtútù ti jẹ ẹ́ lára, awọ rẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Kohei yìn ín. Mo gbé ẹsẹ̀ òsì iwájú rẹ̀ sókè, mo fi hàn án, kó má baà ṣiyèméjì mọ́ láéláé. Ó wò ó pẹ́.

Mo dojú ẹran náà bolẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Kohei yọ ọ̀bẹ. Ó ní, "Ẹ jẹ èyí tí kò ṣe nǹkan kan. Kí ló dé tí ẹ ò ní jẹ èyí?"

Mo ní kì í ṣe ẹran.

Ó gé díẹ̀ lára itan rẹ̀, tútù, ó jù ú sẹ́nu, ó sì tẹjú mọ́ mi. Mo ní, "Kohei, tu ú dànù. Toyo wà nínú ìyẹn."

Kò tu ú dànù, kò sì gbé e mì. Ó yíjú, ó sọ̀ kalẹ̀ láti òkè náà, ẹran náà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Èmi nìkan ni mo sin ìyókù. Ilẹ̀ ò tíì rọ̀, ọwọ́ mi bó.

Chieko ní nígbà tó délé, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú fọ́tò ìyá rẹ̀, ó tu ẹran náà sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò sì mọ ibi tó máa gbé e sí. Kò lè sọ ọ́ sínú pàǹtí. Kò lè fún ajá. Ó di í mú bẹ́ẹ̀ títí Chieko fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tó wé e sínú bébà, tó sì gbé e wá bá mi. Mo gun òkè padà, mo tú ilẹ̀, mo fi í sí ẹ̀gbẹ́ ìyókù.

O jàre lórí ọ̀rọ̀ pátákó. Mi ò ní tún un sọ. Lórí ọ̀rọ̀ ẹran abo yẹn, mi ò gbà pé mo ṣẹ̀. Bó bá di ọ̀la, màá tún jẹ ẹ́.

Bàbá rẹ


Edmonton
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Karùn-ún

Bàbá,

Mo kí yín, mo kí ọwọ́ yín tó bó. Kohei pè mí fúnra rẹ̀. Ó ní òun ti ṣí fèrèsé.

Mo sọ fún Nao. Èmi àti òun la jọ ń ro ìyẹ̀fun búrẹ́dì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti Àǹtí Toyo, ti béárì kìíní, ti ìkejì. Ọkàn mi ti múra sílẹ̀ pé á bì, tàbí pé á pariwo pé òun ò ní jẹ ẹran mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń ro ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ. Ó ní bí béárì yẹn kò bá ṣe nǹkan kan, kí ló dé tí a ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó jẹ ẹ́? Mo ní Bàbá Àgbà tọrọ, pé bí àwọn ọdẹ ṣe ń tọrọ nìyẹn.

Ó ní, "Bàbá Àgbà tọrọ tirẹ̀. Èmi ò tọrọ tèmi. Wọn ò sọ fún mi."

Bí ẹ̀yin bá ní èsì fún un, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́.

A ń bọ̀ ní oṣù Kẹjọ. Ẹ má rò pé ìbínú mi ti tán, kò tán, mò ń gbé e bọ̀ pẹ̀lú ẹrù mi. Ẹ máa mú ọmọ yìí lọ síbi tí béárì abo yẹn ṣubú sí. Ẹ̀yin ni o, kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe Kohei. Kí ẹ fi ẹnu ara yín ro gbogbo rẹ̀ fún un láì fo ibì kankan, kó lè sọ èyí tó bá fẹ́ sọ fún ẹran náà.

Bí ẹ bá wá fẹ́ se oúnjẹ fún wa lẹ́yìn ìyẹn, ẹ se ẹja. Kí ẹ sì sọ irú ẹja tó jẹ́ fún wa kí a tó jókòó.

Ọmọ yín,
Fumie